Irin Tí Bámi Kò Fọwọ́ Kàn

Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé Nojeem wálé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ti sá lọ ni. Wọ́n fà á tu, wọ́n tẹ́ ọmọ náà lé e, wọ́n sì gbé e gba ẹnu géètì Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀ wọlé kí oòrùn tó mú. Ẹ má fi orúkọ òpópónà náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ayé ṣì dára ni àwọn lándílọ́ọ̀dù sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bámi ló kọ́kọ́ sáré pàdé wọn. Ó ti ṣe sójà rí, ó ti bá wọn lọ sógun ní Làìbéríà, ó sì mọ bí a ṣe ń di ọgbẹ́. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi dí ibi tí ọfà ti wọlé lábẹ́ ìhà ọmọ náà, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń pè é lórúkọ. Nojeem wò ó lójú. Kí wọ́n tó gbé e dé iwájú ilé ìyá rẹ̀, ojú náà ò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Bámi gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n dání, kò mọ ibi tí yóò fi sí.

Sùrájù, ẹ̀gbọ́n Nojeem, ló kó àwọn ọmọkùnrin òpópónà náà lọ jà ní ìdájí yẹn. Kí ìjà tó dé, alága àwọn awakọ̀ ni ní gáréèjì. Nígbà tí ìjà dé, Balógun ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a lára mu. Kò sunkún. Ó jókòó ti ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó ń tú ewé tí ọmọ náà so mọ́ apá, ewé tútù tí gbogbo ọmọ ogun tiwọn máa ń so kí wọ́n má baà ṣi ara wọn pa. Ó tú u tán, ó ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Wọ́n ń dúró dè wá ni," ló wí. "A ò tíì dé ọ̀nà ọjà tí wọ́n ti wà lórí àwọn tírélà, ọfà ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ló lọ sọ fún wọn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Àwọn tó dúró yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló fa ìjà ọdún náà, ìyẹn ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Àwọn tó jà á gan-an ò mọ̀. Àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń já alùbọ́sà ní Máìlì 12 ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, àwọn kan ní alùpùpù ló gbá ọmọdé. Ohun tí a mọ̀ ni pé Hausa àti Yorùbá tó ti jọ ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan náà jí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ewé mọ́ apá. Àwọn ọ̀tá gba ojú títì. Àwọn ará Ìrẹ̀pọ̀ fi táyà àti kòròfo ọkọ̀ Píjò dí ẹnu géètì tiwọn, wọ́n há sínú Ìkòsí, gaàrí ń tán, ẹnikẹ́ni ò sì lè lọ sí Kétu lọ ra nǹkan.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú Nojeem, wọ́n ṣe ìgbìmọ̀. Bámi ní, "Ẹ jẹ́ ká jókòó ti géètì wa. Wọn ò lè wọlé, àwa náà ò gbọdọ̀ jáde. Ebi tó ń pa wá ń pa wọ́n. Láìpẹ́, àwọn àgbà wọn á ránṣẹ́ sí àwọn àgbà wa." Sùrájù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá sójà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi yín ṣe díákónì ni ogun ti sú yín." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa lọ bá wọn ní ìdájí, kí wọ́n tó lajú. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, Sùrájù fúnra rẹ̀ mú irin, ó lu òpó iná tó wà lẹ́nu géètì, ìlù ìpè tí tọmọdé tàgbà òpópónà náà mọ̀: mẹ́ta tó falẹ̀, méjì tó yára. Àwọn ọmọkùnrin tú jáde. Wọ́n fi ahọ́n kan irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tó bá da òmíràn, kí irin jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí fi ahọ́n kàn án, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà fi ahọ́n kàn án. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn tó, kì í rántí bi irin pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ.

Bámi ò bá wọn lọ. Ìyẹn nìkan ti tó fún àwọn kan.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé òkú Nojeem wọlé tí Felix fi kan ilẹ̀kùn Bámi. Díákónì ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń tún àga ṣọ́ọ̀ṣì tò ní gbogbo Sátidé. Kẹ́misọ́lá, ìyàwó Bámi, ṣí ilẹ̀kùn fún un, kò sì ní kó jókòó. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níta.

Felix kúnlẹ̀ sílẹ̀. "Brother Bámi, ẹnu mi ló kó bá yín. Mo rí yín nírọ̀lẹ́ àná létí odò Ògùn, lẹ́yìn àdúgbò Agílítì, ẹ̀yin àti ọkùnrin kan tó wọ jalamíà. Ẹ̀ ń sọ Hausa. Nígbà tí wọ́n gbé Nojeem dé, Balógun ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí la mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ."

"O ní mò ń ta wọ́n?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Àwọn ló sọ ìyókù." Ó gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n mo ti ro ó. Tí wọ́n bá pè wá, màá ní ojú mi ló ṣì mí. Màá ní àwa méjèèjì la jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ àná, à ń gbàdúrà. Wọ́n á gbà mí gbọ́, torí èmi náà ni mo mú ẹjọ́ ọ̀hún wá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Ọkùnrin jalamíà náà ni Yàkúbù, mẹ́gáàdì òpópónà yẹn kan náà, tó ti ń ṣọ́ géètì wọn láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Sùrájù ò tíì mọ bàtà í wọ̀. Lọ́jọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀, Bámi mú un pamọ́, òun àti Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Inú yàrá tí àwọn ọmọdé ti máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kó wọn sí, torí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, Pásítọ̀ sì ti há sí Ìbàdàn. Kẹ́misọ́lá ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, àti omi àlùwàlá nínú bùta. Nírọ̀lẹ́ yẹn, Bámi mú Yàkúbù lọ wá ọkọ̀ ojú omi àwọn oníyanrìn tí yóò gbé wọn sọdá. Ọkọ̀ wà lódìkejì odò, ẹni tó ni ín ti sá, kò sì sí ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

"Daddy Bọ́lá," Kẹ́misọ́lá wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ ò ta ẹnikẹ́ni. Ṣé irọ́ kékeré yẹn la fẹ́ torí ẹ̀ kú?"

Ẹ̀rù ba Bámi. Ẹ má rò pé ẹni ìgbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Ó ti rí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fi táyà ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè ní ọ̀dàlẹ̀, ó sì mọ̀ pé táyà pọ̀ lẹ́nu géètì. Ó wo Felix tó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Inú bí i, ó sì ṣàánú rẹ̀.

"Ṣé ojú ẹ ṣì ọ́ lóòótọ́?"

Felix gbé ojú rẹ̀ wolẹ̀.

"Èmi ni o rí. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ ohun tí o rí. Má fi nǹkan kan kún un, má sì yọ nǹkan kan. Irọ́ tí o bá pa fún mi lónìí, o máa ní láti máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ ni, èmi náà á sì máa bá ọ bọ́ ọ." Ó dìde, ó wá ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn wọ̀. "Wọ́n máa tó pè mí. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ lọ."

Inú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí Bàbá Àyàndélé ò tíì kọ́ parí ni ìgbìmọ̀ ogun ti máa ń jókòó. Ará Ìsẹ́yìn ni Bàbá, òun sì ni alága àwọn lándílọ́ọ̀dù. Orí àpò sìmẹ́ńtì tó ti gan ló jókòó lé. Wọ́n ti gbé irin wá, wọ́n gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù kan láàárín ilé. Bámi mọ irin náà. Irin Yàkúbù ni, èyí tó máa ń fi lu aago lára òpó kí ìjà tó dé. Ohun kan fẹ́ sọ sí i lọ́kàn nígbà tó rí i, ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ jù, ọkàn rẹ̀ ò sì papọ̀.

Bàbá Àyàndélé gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

"Àjàgbé," ó wí, ó fi oríkì pè é. "Ọmọ Èṣó Ìkòyí, ẹni tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Wọ́n ti ro tiwọn fún mi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ro tìẹ."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bi mí, màá dáhùn."

Sùrájù ni ó bi í. Láti ọdún pípẹ́ ló ti máa ń fi 'ẹ' bá Bámi sọ̀rọ̀, torí Bámi jù ú lọ. Lọ́jọ́ náà, 'o' ló lò, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ.

"Níbo lo wà nírọ̀lẹ́ àná?"

"Etí odò, lẹ́yìn Agílítì."

Ariwo sọ. Wọ́n ti múra sílẹ̀ de ẹni tí yóò sẹ́. Felix tó dúró létí ògiri sọ̀rọ̀ láìṣe pé wọ́n pè é: "Bàbá, mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ ẹlòmíì..."

"Èmi ni, Felix," Bámi wí. "Ó rí mi, Bàbá. Kò purọ́ mọ́ mi."

"Ìwọ àti ta ni?" Sùrájù bi í.

"Èmi àti ọkùnrin Hausa kan."

"Kí lẹ lọ ṣe?"

"A lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé òun àti ìyàwó ẹ̀ sá lọ. A ò rí i."

"O sọ fún un pé a ń bọ̀."

"Rárá. Mi ò sọ fún un, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìrìn yín ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ níbí lójú gbogbo yín. Ṣùgbọ́n mi ò tà yín. Nojeem, ọmọ mi ni."

"Má dárúkọ ẹ̀." Sùrájù sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi kan Bámi lójú. "Níbo ni ọkùnrin náà wà?"

"Mo mọ ibi tó wà. Mi ò ní sọ."

Ẹ wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: bí wọ́n bá bi yín nírú ibẹ̀, ṣé ẹ ò ní ní ẹ ò mọ̀? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni 'mi ò mọ̀'. Kò wúwo lẹ́nu. Bámi pàápàá mọ bó ṣe fúyẹ́ tó, ó sì ń wù ú.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé kó búra. Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀: kó búra, kó búra. Sùrájù gbé irin kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ó nà án sí i. "Fi ahọ́n kàn án. Sọ pé bí o bá tà wá, kó jẹ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí o bá ṣe é, a gbà."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ẹ gbé Bíbélì ẹ̀ wá fún un," Bàbá Àyàndélé wí. Wọ́n gbé e wá. Bámi wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó mọ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí i.

"Bàbá, inú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí n má ṣe búra rárá, pé kí bẹ́ẹ̀ ni mi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́. Tí ọ̀rọ̀ mi nìkan ò bá tó yín, kò sí ohun tí mo lè gbé e lé tó máa fi ga sí i. Mi ò tà yín. Ibẹ̀ ni mo dúró sí."

Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Àwọn tó ti ń ṣàánú rẹ̀ yí ojú kúrò. Ẹni tó sá fún irin, tó tún sá fún ìwé Ọlọ́run ara rẹ̀, kí ló kù tí yóò sọ? Sùrájù rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú rẹ̀.

"Ó dáa. Kí ọkùnrin yẹn jáde wá, kó wá wí tẹnu ẹ̀ níwájú wa. Bó bá jáde, tó sì sọ òótọ́, mo fi irin yìí búra, ọwọ́ mi ò ní kàn án, ọwọ́ ọmọ ogun mi kankan ò ní kàn án." Ó fi ahọ́n kan irin náà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀gàn ni, pé kò sí Hausa tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀. "Bí kò bá sì jáde kí a tó kírun alaasari, tí a fẹ́ sin àbúrò mi, ìwọ la máa fi sin ín."

Bàbá Àyàndélé fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọkùnrin ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé irin padà lọ sára òpó. Wọ́n ti Bámi mọ́ yàrá ìsàlẹ̀ tí kò tíì ní fèrèsé, méjì nínú wọn sì dúró tì í.

Wọ́n gba Kẹ́misọ́lá láyè kó gbé gaàrí wá fún un. Ó da omi sí i, ó jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Kò bá a jà mọ́. Ìyẹn dun Bámi ju ìjà lọ.

"Mo ti fẹ́ lọ síbẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà má baà gbọ́. "Wọn ò tíì jẹun láti àárọ̀. Tó bá rí ojú mi, ó máa bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín, Alàgbà rẹ̀. Kí ni kí n sọ?"

"Má sọ fún un. Sọ pé ara mi ò yá."

Kẹ́misọ́lá ti abọ́ sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ ò lè purọ́ fún Sùrájù tó fẹ́ pa yín. Èmi wá ni kí n lọ purọ́ fún Yàkúbù?"

Gbogbo ọjọ́ náà ni Bámi ti ní èsì fún wọn. Èsì tán nígbà tó kan ilé tirẹ̀. Kẹ́misọ́lá gbé abọ́, ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó sì jáde. Bámi dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó gbàdúrà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó bá Ọlọ́run sọ? Ó ní, "Má jẹ́ kí n kú." Kò rí ọ̀rọ̀ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ sọ.

Oòrùn ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí òpó dún.

Mẹ́ta tó falẹ̀, méjì tó yára. Lẹ́yìn náà, mẹ́ta tó falẹ̀, méjì tó yára. Ìpè ogun ni, ẹni tó sì lù ú mọ̀ ọ́n lù ju Sùrájù lọ. Ó mọ́ gaara bí ohùn àgbà. Àwọn tó ń ṣọ́ Bámi wo ara wọn. Ìpè kò mọ ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n: wọ́n di Bámi lápá mú, wọ́n fà á lọ́wọ́ sáré, gbogbo òpópónà sì ń tú jáde pẹ̀lú àdá àti igi. Bí wọ́n ti dé ẹnu géètì, wọ́n dúró ṣinṣin.

Yàkúbù ló dúró nídìí òpó, òun nìkan, nínú jalamíà rẹ̀ tó ti dọ̀tí, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú Bámi, gbogbo ohun tó torí rẹ̀ dákẹ́ ti dòfo. Kẹ́misọ́lá wà lẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o," Yàkúbù wí fún Sùrájù. Yorùbá rẹ̀ dán. Àwọn ọmọ òpópónà náà ló fi kọ́ ọ, bó ti ń gbé wọn kọjá agbàrá nígbà òjò. "Èmi ni mo bá Alàgbà lọ sétí odò. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹ ní kí n wá wí tẹnu mi. Kí n tó wí, mo fẹ́ bi yín. Ìlù tí mo lù yìí, ta ló kọ́ yín?"

Bàbá Àyàndélé ló dáhùn: "Ìwọ ni."

"Ta ló kọ́ èmi? Àwọn mẹ́gáàdì ọjà ni. Gbogbo àwa tí à ń ṣọ́ ilé láti Kétu dé Ìkòsí, ìlù kan náà là ń lù. Bàbá, nígbà tí olè wọ ilé yín lẹ́ẹ̀rùn, mo lu òpó yìí. Ta ló sáré wá láti ọ̀nà ọjà wá bá wa lé wọn?"

"Àwọn mẹ́gáàdì ọjà ni," Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ti yé e.

"Láàárọ̀ yìí, níbi tí mo sùn sí, mo gbọ́ ìpè. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ kú. Mi ò lè jáde wá sọ fún yín, ẹ ì bá pa mí. Òkè odò ni afẹ́fẹ́ ìdájí ti ń fẹ́ wá, ọ̀nà ọjà ló ń gbé ohùn lọ. Kí ẹ tó ṣí géètì, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Alàgbà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irin yìí ló sọ fún wọn."

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn ará ọjà sì ní ẹsẹ̀ méjì méjì. Gbogbo òpópónà ló ti ń gbọ́ ìlù yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ òjò lórí páànù. Kò sí ẹnì kan, títí kan Bámi sójà, tó rántí ẹni tó ni ín. Wọ́n ti ń wá ọ̀dàlẹ̀ láti àárọ̀. Nísinsìnyí, ojú gbogbo wọn yí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wo ẹni tó mú irin ní ìdájí.

Sùrájù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan gbé àdá sókè, ó fẹ́ sún mọ́ Yàkúbù. "Balógun, ẹ jẹ́ ká pa á ná. Hausa ṣì ni."

"Mo ti búra," Sùrájù wí, kò gbójú sókè.

"Balógun..."

"Mo ní mo ti búra. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ kó lọ gbé ọkọ̀ oníyanrìn wá láti òdìkejì. Kí wọ́n lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Wọ́n sin Nojeem lẹ́yìn ìrun. Wọ́n gbé Rùkáyátù sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹní àti bùta rẹ̀, Yàkúbù sì wọlé tì í. Kò bá ẹnikẹ́ni dágbére àfi Bámi, ìyẹn náà ò ju pé ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jù ú sílẹ̀. Wọn ò padà sí Ìrẹ̀pọ̀ mọ́. Nígbà tí Bámi yíjú padà létí odò, Felix ti wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó ń sọ pé ẹ̀bi òun ni, pé òun ni ọfà tó ti ẹ̀yìn wá. Bámi fẹ́ sọ pé ó ti tán. Ó wá inú ara rẹ̀ wò, ó rí i pé kò tíì tán.

"Dìde," ó wí. "Inú ń bí mi sí ọ. Mo máa dárí jì ọ́, mò ń bẹ Ọlọ́run sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí ni kó o bi mí."

Ó ń lọ sílé nígbà tó rí Sùrájù. Ó jókòó sídìí òpó iná, erùpẹ̀ sàréè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bámi fẹ́ kọjá. Sùrájù pè é.

"Ọ̀gá sójà." 'Ẹ' ti padà sẹ́nu rẹ̀. "Ká ní ó kù díẹ̀ ká ṣáná sí yín lára, ṣé ẹ ò bá ti sọ ibi tí wọ́n wà?"

"Ẹ̀rù ì bá bà mí gan-an. Mi ò ní sọ."

Sùrájù mi orí. Àwọn tó wà nítòsí ti ń tù ú nínú láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú dé. Wọ́n ní àyànmọ́ ni, wọ́n ní ọjọ́ ọmọ náà ló pé, wọ́n ní òpó ò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀. Kò dá ìkankan wọn lóhùn. Bámi nìkan ló ń wò.

"Ṣé èmi ni mo pa á?"

Bámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé. Ó ń wù ú láti ní rárá, kó sì lọ sùn.

"Ìwọ lo lu òpó," ó wí. "O ò mọ̀. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Ẹlòmíì ló ta ọfà."

Sùrájù gbọ́ ọ tán. Omi tí kò ti ojú rẹ̀ jáde láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Irin wà nílẹ̀ láàárín wọn níbẹ̀, ó ń tàn díẹ̀ nínú oòrùn tó kù. Kò ní kí Bámi búra.